Ikùn Pákó Tí Mo Fá Tẹ́jú

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà Ògúndèjì,
Lẹ́yìn Ilé Epo, Alápòótí,
Lọ́nà Ọ̀tà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, 2013.

Ọmọ́wùnmí ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ògúndèjì,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, báwo ni òkun? Mo mọ̀ pé n kì í bèèrè òkun lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè rẹ̀. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀ọ́ jókòó. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, má tíì dìde. Ọlọ́run tó dá omi kó tó yọ ilẹ̀ láti inú rẹ̀ á máa ṣọ́ ọ fún wa. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, omi tí o sọ di ilẹ̀ náà kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Kí n tó sọ ohunkóhun, má gun pákó tí o fi ń gun ìgbì òkun, èyí tí Amos onílọ́rì gbé wá bá ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Má gùn ún rárá. Gbé e ti ògiri, kí o sì jìnnà sí i títí o fi máa ka ìwé yìí tán. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdíje yín, mo sì mọ ohun tí o ní lọ́kàn láti fi pákó náà gbà, pé ẹni tó bá gbégbá orókè ni wọ́n máa mú lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà láti lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ èèyàn láti gun ìgbì. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Màá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé.

Ìyá rẹ wà, ó ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀ láti ìgbà tó ti ń fi òróró tí wọ́n pín ní ìsọjí pa á, tàbí láti ìgbà tó ti ṣíwọ́ fífi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọjí náà, èmi kò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ti kún àwọn tí o mọ̀ ní òpópónà wa. Méjì nínú wọn kọjú síra, bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ orin, èkejì á yí sípíkà tirẹ̀ sókè, ẹni tó bá wà láàárín kò ní mọ Hálélúyà tí òun ń dáhùn. Èmi kò lè bá wọn jà, torí lọ́wọ́ mi ni àwọn méjèèjì ti ń ra bẹ́ǹṣì. Yunifásítì tuntun náà tún ti ní kí n ṣe ogójì bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún ilé tí àwọn ọmọ wọn ń sùn. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ yunifásítì báyìí, o ti fajú ro, o rò pé mo fẹ́ gbé orin àtijọ́ yẹn dìde, pé a kọ́ ilé ìwé ńlá sí ẹnu ọ̀nà wa, ìwọ wá lọ ń kàwé lójú omi. Rárá o. N kò kọ orin yẹn lónìí.

Inú yàrá rẹ ni Ọlábánjí ń gbé báyìí. Ọmọ Ìwó kan ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, wọ́n sì rán an wá kọ́ iṣẹ́ lójú ara, ai-tí tí wọ́n ń pè é, nílé iṣẹ́ rọ́bà ní Sàngó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í pẹ́ níta, ó sì máa ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe láì gba kọ́bọ̀. Má bínú nítorí yàrá, a ó ní kó kó jáde bí o bá fẹ́ wálé. Òun ló tú àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ mi fún mi, nítorí náà ni mo ṣe dárúkọ rẹ̀.

Mo dìde báyìí, mo lọ wo fánìṣì kan bóyá ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Mo ti padà.

Ó dáa. O rántí pé ìlà tó là ní ìdí pákó náà nìkan ni o ní kí n bá ọ dí. O kọ ọ́ sínú ìwé tí o fi ránṣẹ́, o ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìlà yẹn nìkan ni, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i, ẹ fi sáńpépà ra á, kó má baà máa mumi. Ojú mi méjèèjì ni mo fi kà á. Ìlà náà kò gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ, iṣẹ́ ìdajì wákàtí kò lè tó mi. Mo gbé pákó náà sórí tábìlì iṣẹ́, kò jókòó. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, kò jókòó. Imú rẹ̀ ká sókè bí imú bàtà Alhaji. Mo fi rúlà lé ikùn rẹ̀, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rúlà náà, torí pé ikùn ọ̀hún jìn wọnú láti etí kan dé èkejì. Nígbà tí mo sún rúlà dé ìdí, ibẹ̀ tún ṣe bí òrùlé, àárín ga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dà sílẹ̀. Mo ní ha, wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ. Mo ní ẹni tó ta nǹkan yìí fún un ní Àgbádárìgì, igi tútù ló lò, igi náà sì ti ká mọ́ ọn lọ́wọ́.

O kò sí nílé nígbà ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì Ojú Ore, nítorí náà o kò lè mọ bí igi tó ká ṣe ń rí lára mi. Ọgọ́ta bẹ́ǹṣì ni mo ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó pé ọjọ́ ìyàsímímọ́, mo bá lo igi tí kò gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ ká. Ẹni tó bá jókòó sáàárín á máa yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ìwàásù tó dé ìdajì àwọn ìyá ìjọ á ti há mọ́ra wọn ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ọkùnrin kan sì já bọ́ nígbà àdúrà ìdákẹ́rọ́rọ́. Pásítọ̀ wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní kí n wá jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n sì fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí igi tó ká, ara mi kì í balẹ̀ àfi bí mo bá nà án.

Bí mo ṣe na tìrẹ náà nìyẹn. Mo mú ìfági, mo fá etí rẹ̀ méjèèjì títí tí wọ́n fi bá kòtò àárín dọ́gba. Mo fá òrùlé ìdí rẹ̀ náà tẹ́jú. Mo rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi, mo fi wé imú tó ká sókè, mo sì fi àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí ó fi gbà. Àwọn nǹkan mẹ́ta tó yọ ṣóńṣó lábẹ́ ìdí rẹ̀ bíi lẹbẹ ẹja, mo rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe tí wọn kò rí ìkẹrin ra. Mo yọ wọ́n, mo sì dí ojú ihò wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí o ń dúró sí, mo bá àbẹ́là tó ti gbẹ mọ́ ọn káàkiri. Mo ní ọmọ yìí, ṣé orí pákó ni wọ́n tún ń tan àbẹ́là sí ní Èkó ni. Mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi pólíìṣì tí mo fi ń ra àga pásítọ̀ ra á, títí mo fi ń rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sí ilẹ̀kùn kan ní gbogbo Alápòótí tó tẹ́jú tó o. Mo gbé e fún Amos pẹ̀lú ayọ̀, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ohun kan lé e nínú lọ́rì títí yóò fi dé Mile 2.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo ń fọ́nnu iṣẹ́ náà fún Ọlábánjí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó bi mí pé ṣé pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì ni mo ń wí. Mo ní òun ni. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, kòtò yẹn kì í ṣe àrùn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ ni. Mo bínú. Mo ní mo ti ń fági kí bàbá rẹ̀ tó hu irùngbọ̀n. Kò bá mi jiyàn, ó kàn wọ ilé ìdáná, ó mú ṣíbí kan wá, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó ní kí n fi ìka méjì péré di ìdí ṣíbí náà mú. Nígbà tí ẹ̀yìn ṣíbí kan omi, omi fà á mọ́ra bí ìyá ṣe ń fa ọmọ. Nígbà tí ó yí inú rẹ̀ sí omi, omi tì í dànù lọ́wọ́ mi. Ó ní ohun tó wà lábẹ́ pákó ló ń sọ fún omi bóyá kó fà á ni tàbí kó gbé e. Ìyá rẹ ní kí a pa ẹ̀rọ, omi ń ṣòfò. Mo ní ṣíbí kì í ṣe pákó, mo sì wọlé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sùn tán, mo padà lọ fi ṣíbí náà kan omi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Mo mú pákó arère méjì, mo ṣe ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe tìrẹ, ikùn pẹrẹsẹ, imú nílẹ̀, kò ní lẹbẹ, mo sì ra á títí ó fi ń dán. Èkejì, mo ṣe é bí Ọlábánjí ṣe yà á sínú ìwé. A kó wọn lọ sí pọ́ńdù Alfa Àmọ̀dá tó ń sin ẹja àrọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹja tà, omi ṣì wà níbẹ̀, pọ́ńdù náà sì gùn tó pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alfa ní kí ni mo fẹ́ fi omi òun ṣe. Mo ní mo fẹ́ dán pákó wò. Ó ní pákó tó yẹ kí onígbàgbọ́ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún máa rò ni ti pósí. Ṣùgbọ́n òun náà ló so okùn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, tó gùn ún lẹ́bàá pọ́ńdù, tó ní kí n di ìpẹ̀kun okùn mú.

Mo kúnlẹ̀ lórí àkọ́kọ́. Ọ̀kadà gbéra. Kí n tó pe orúkọ Jésù tán, imú pákó ti wọ omi bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ búrẹ́dì. Pákó dúró, èmi kò dúró. Mo gba orí rẹ̀ kọjá, mo fi àyà gbá omi, mo sì mu nínú omi ẹja náà débi pé n kò fẹ́ fojú rí ẹja àrọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ́kù fi ìrù gbá mi létí. Ìyá rẹ tó dúró létí pọ́ńdù bèèrè pé ṣé ìrìbọmi ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Mo tún gùn ún, mo fara sẹ́yìn gan-an kí imú rẹ̀ má baà wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí ó rìn díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ kó yà, ìdí rẹ̀ yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tẹ ọṣẹ, torí kò sí lẹbẹ tí yóò fi di omi mú. Orúnkún mi náà kò ríbi dúró sí lórí pólíìṣì. Mo tún ṣubú. Nínú omi yẹn ni mo ti rí ohun tí mo ṣe sí ọ, Ọmọ́wùnmí. Pọ́ńdù ni tèmi, ó mọ mí ní ìgbáyà. Òkun ni tìrẹ.

Mo gun èkejì. Èyí ní imú tó ká sókè níwọ̀nba, ikùn rẹ̀ jìn díẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣe bí òrùlé, ó ní lẹbẹ mẹ́ta, mo sì ti fi àbẹ́là ra ẹ̀yìn rẹ̀ kí orúnkún lè rí nǹkan dì mú. Bí okùn ṣe fà, omi wọ abẹ́ rẹ̀ láti iwájú, kòtò yẹn kó o jọ, kò jẹ́ kó sá gba etí jáde, ó darí rẹ̀ gba ẹ̀yìn, pákó náà sì dìde lábẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó dìde. Mo fara sí ọ̀tún, ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó yà. Mo fara sí òsì, ó gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín sókè, àgbà bíi tèmi. Ojú kòkòrò wá mú mi, mo ní bí imú sókè bá dára, a jẹ́ pé bó bá tún lọ sókè sí i yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo bá kan imú tó ká gan-an mọ́ ọn. Kò yára mọ́, ńṣe ló ń ti omi síwájú bí ẹni ń fi ṣọ́bìrì wọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kí Alfa tún fà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ó ní òun kì í pọn epo ọ̀kadà láti inú pọ́ńdù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí n mọ̀. Àga pásítọ̀ tí mo ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kì í jẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ tẹ́jú. Mo máa ń gbẹ́ ẹ wọnú díẹ̀, kí ìdí èèyàn má baà máa yọ̀ kiri, kí wọ́n lè jókòó pẹ́. Kò sẹ́ni tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù mi kó ní àga náà ká. Kí ló dé tí n kò rò pé ẹni tó ṣe pákó rẹ náà lè mọ ohun tó ń ṣe? Torí pé èmi kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe sọ pé kò mọṣẹ́. N kò mọ tìrẹ náà, mo sì ti ń sọ fún gbogbo aráyé láti ọdún mẹ́ta pé kì í ṣe iṣẹ́.

Mo tún dìde. Mo lọ wo fánìṣì, mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gbá láàárọ̀, ìyá rẹ ní kí n jókòó kí n kọ ohun tí mo ń kọ tán, pé bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀ ti ń kọ́ òun lóòyì.

Bí a ti ti ibi pọ́ńdù dé ni mo sáré pe fóònù rẹ. Obìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì jọ pé ó kàwé. Ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí. Mo ní kò burú, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún ọ pé bàbá rẹ ní kí o má gun pákó. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó tún èyí tó ti sọ sọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejìlá, kò bínú lẹ́ẹ̀kan. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù rẹ̀, ṣùgbọ́n kí o sọ fún un pé bí bàbá èèyàn bá rán ni sí ọmọ rẹ̀, ó yẹ kí a jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọlábánjí ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń bẹ obìnrin náà, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ tó le báyìí.

Òun náà ló tún bi mí nípa fọ́ọ̀mù ìdíje tí o ní kí n fọwọ́ sí, tí mo fi rán Amos pẹ̀lú pákó. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe ọ́ lójú omi, mo kọ Ọlọ́run Olódùmarè. Níbi àdírẹ́sì, mo kọ Ibi Gbogbo. Nọ́ńbà fóònù ló dá mi dúró díẹ̀, mo bá kọ ti akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọlábánjí ní àwọn onífọ́ọ̀mù lè má gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, má bá wọn jà. Fa ìlà sí i, kí o kọ Ògúndèjì káfíńtà sókè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kí èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ṣì hàn lábẹ́ ìlà náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò sọ fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo gbé àpò sìmẹ́ńtì kejì lé imú pákó rẹ, ó dún, ó dún tíntín bí igi tó fẹ́ ṣẹ́. Mo dúró. Mo ní lọ́kàn mi pé bí èyí bá ṣẹ́, ọmọ yìí á fi omi sílẹ̀, á padà wálé, á lọ wọ yunifásítì tí mo ń kan bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ̀. Mo sì gbé àpò kẹta lé e. N kò lè sọ pé torí kó lè ṣẹ́ ni mo ṣe gbé e lé e, n kò sì lè búra pé kì í ṣe torí ẹ̀. Kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń wo ọwọ́ tó gbé àpò náà, oorun mi kò sì tó. Dárí jì mí. Bàbá kì í sábà kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ, àmọ́ bí n kò bá kọ ọ́, mo mọ̀ pé n kò ní lè fági mọ́.

Mo ti ṣe òmíràn. Arère ni, ó ti gbẹ lókè àjà mi fún ọdún mẹ́rin, kò lè ká. N kò rí tìrẹ mọ́ láti fi wọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fá nǹkan dànù mọ bí nǹkan náà ṣe jìn tó. Mo gbẹ́ ikùn rẹ̀ bí mo ṣe rántí ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lábẹ́ rúlà, ó fẹ̀ láàárín, ó sì ń tẹ́ lọ bí ó ṣe ń súnmọ́ imú. Mo gbé imú rẹ̀ sókè, kì í ṣe ti ojú kòkòrò. Mo dín ìdí rẹ̀ kù, torí Ọlábánjí ní ìdí tó fẹ̀ máa ń léfòó dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó tín-ínrín ló ń jẹ omi nígbà tí ìgbì bá ga. Mo jẹ́ kí etí rẹ̀ rí roboto níwájú, kó wá mú díẹ̀ lẹ́yìn. Lẹbẹ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú agolo ìṣó mi, n kò jù wọ́n nù, mo ti kàn wọ́n padà. Mo ra àbẹ́là mẹ́fà, mo sì ra gbogbo wọn mọ́ ọn lẹ́yìn níbi tí ẹsẹ̀ rẹ máa wà. Fánìṣì ikùn rẹ̀ ni mo ń dìde lọ wò láti àárọ̀. Amos ń lọ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, àti pákó àti lẹ́tà ló máa gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Má torí pé èmi ni mo ṣe é gùn ún. Wò ó bí o ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Gbé e lé omi lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí ìgbì kò le, bí ara rẹ kò bá gbà á, yá ti ọ̀rẹ́ rẹ, tàbí kí o jókòó lọ́dún yìí. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ fún ọ pé ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún. Èyí kò sí ní ọwọ́ mi. Ìwọ lo mọ omi.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ ni, láti ibí dé etí omi, àti ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ní a ó wọ̀, torí àwọn oníbẹ́ẹ̀dì kò ní san kọ́bọ̀ títí n óò fi parí ogójì, ìwọ sì mọ ohun tó dá mi dúró. Fún Amos kó mú un bọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, má lọ yá a. Amos ní mo lè jókòó sórí ẹrù pákó inú lọ́rì rẹ̀ bí ìyá rẹ bá jókòó níwájú. Láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti kúrò ní Ìràgbìjí wá sí Ọ̀tà, n kò fojú rí òkun rí, mo kàn ń bá a jà láti ibí ni. Jẹ́ kí n wá dúró létí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. N kò ní sọ̀rọ̀. N kò ní ké sí ọ pé kí o jáde.

Omi á gbé ọ, omi kò ní gbé ọ lọ. Ìgbì tó bá dìde níwájú rẹ á tẹ̀ lábẹ́ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ á mọ ibi tí ó wà. Orí mi tí kò jẹ́ kí pákó náà ṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò ní jẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́ lára rẹ.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà yìí bá pẹ́ lọ́nà, tó jẹ́ pé o ti gun èyí tí mo bàjẹ́ kó tó dé, tí nǹkan sì ti ṣe ọ́, má kọ̀wé sí mi. Wá sílé fúnra rẹ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé ọ wá ni, ṣáà wá, kí n fi ojú mi rí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndèjì.